Ohùn Tí Ẹ̀rọ Pè Ní Ariwo: Lámèyítọ́ Ìpàdé Orí Fídíò Láàárín Àwọn Oníṣòwò Wa

1. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé

Lámèyítọ́ tí a mọ̀ sábà máa ń dá lé ìtàn àròsọ, ewì, eré orí ìtàgé àti orin. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ètò ìpàdé orí fídíò, irú bíi Zoom, Google Meet àti Microsoft Teams, tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣèpàdé láì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo gbà pé ó yẹ fún lámèyítọ́ nítorí pé ìpàdé fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tó ní ìlànà. Ó ní bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn, ó sì ní àmì tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tí ìpàdé ń gba inú rẹ̀ kọjá ti dá sí gbogbo èyí, ì báà mọ̀ tàbí kó má mọ̀.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kò gùn. Àwọn tó ṣe ètò wọ̀nyí gbà pé ní ìpàdé, ẹnì kan ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò máa gbọ́. Ohùn mìíràn tó bá dún lásìkò náà, ariwo ni lójú ẹ̀rọ. Láàárín àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ohùn àwọn tí ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu wọn gan-an ni a fi ń mọ̀ pé ìpàdé ti fẹnu kò. Ẹ̀rọ tó bá gbá ohùn wọ̀nyẹn dànù ti gbá ìfẹnukò dànù mọ́ ọn. Níbi òwò, owó àti ìgbẹ́kẹ̀lé ló máa ń bá a lọ.

2. Ojú ni wọ́n ń wò

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń rò pé ojú nìkan ló kù kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn tó pé. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ AT&T ti Amẹ́ríkà gbé Picturephone síta níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York, ìyẹn tẹlifóònù tó ń fi ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ hàn. Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Pittsburgh. Owó rẹ̀ ga, àwọn tó gbà á kò tó nǹkan, ó sì kógbá wọlé. Ẹ̀rọ náà ló kógbá wọlé o. Èrò inú rẹ̀ wà láàyè. Nígbà tí àrùn Covid dé, Zoom kéde pé iye tó ń wọ ìpàdé rẹ̀ lójúmọ́ ti kúrò ní mílíọ̀nù 10 ní oṣù kejìlá 2019, ó ti di mílíọ̀nù 300 ní oṣù kẹrin 2020. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ pè wọ́n ní ẹni tó ń lo ètò náà, lẹ́yìn náà ni ó tún un kọ pé iye ìwọlé sí ìpàdé ni: ẹni tó wọ ìpàdé mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ kíka orí yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún jáde níwájú.

Lámèyítọ́ àwọn ará ìta náà, ojú ló dá lé. Jeremy Bailenson ti Yunifásítì Stanford kọ̀wé ní 2021 lórí ìdí tí ìpàdé orí fídíò fi ń rẹni. Ó ka ìdí mẹ́rin: ojú àwọn ènìyàn tó súnmọ́ni jù tó sì ń wò wá ṣáá, ojú ara ẹni tí a ń rí láti àárọ̀ di alẹ́, jíjókòó sójú kan, àti wàhálà fífi ojú àti ara fúnni ní àmì tí a ó sì máa wá ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ gidi ni. Yorùbá pàápàá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ìpàdé tí mo jókòó tì, kámẹ́rà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà ní pípa. Fídíò ń jẹ mégà ní ìlọ́po púpọ̀ ju ohùn lọ. Ìyá oníṣòwò tó ń ra mégà ọjọ́ kan kan kò ní ná an sórí fífi ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn wá. Ohùn nìkan ló kù. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n lẹ́yìn ìpàdé, etí wọn ló rẹ̀. Nítorí náà, lámèyítọ́ tiwa ní láti bẹ̀rẹ̀ láti etí.

3. Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀

Kí a má baà dá ẹ̀rọ lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, ó yẹ kí a rántí ohun tó gbé àwọn oníṣòwò wa débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu ibodè orí ilẹ̀ pa. Oṣù kejìlá 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Láàárín ìyẹn, ní ìparí oṣù kẹta 2020, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi ọ̀nà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù ká fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé kí èrò má wọlé kí wọ́n má sì jáde nítorí àrùn. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tó ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ àti ní òdìkejì ibodè kò rí ibì kan jókòó sí mọ́. Orí fóònù ni wọ́n sá sí. Nígbà tí ọ̀nà sì là, ọ̀pọ̀ kò padà. Owó ọkọ̀ wọ́n, ẹni tó bá sì rìnrìn àjò nítorí ìpàdé ti pàdánù ọjọ́ ọjà kan.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta àgbàdo àti gàrí kan gbà mí láàyè láti máa jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣèpàdé báyìí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ètò tí wọ́n ń lò, nítorí ohun tí mo rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ètò kan sí èkejì.

4. Ìkíni tí kò rí ìdáhùn

Ẹni tó bá wọ ibi ìpàdé yóò kí àwọn tó bá níbẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó o." Gbogbo ilé yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ àgbà, ìdáhùn náà yóò gùn, wọn yóò béèrè ilé, wọn yóò béèrè ọjà, wọn yóò kí i kú ewu ọ̀nà.

Wo ohun tí ẹ̀rọ ń fi èyí ṣe. Nígbà tí ohùn rẹ bá jáde láti inú fóònù mi, mikró mi náà ń gbọ́ ọ, ó sì lè dá a padà sí ọ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, ètò náà máa ń yọ ohùn tó ń padà kúrò. Bí ẹni méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, ó ṣòro fún un láti mọ èwo ni èwo, ó sì sábà máa ń rẹ ọ̀kan sílẹ̀. Ó tún ní apá kan tó ń wá ariwo láti pa á: ariwo ọkọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìlọta, ariwo ọmọdé. Ètò púpọ̀ sì máa ń yan ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ tó ròkè jù láti fi ránṣẹ́. Ogún ènìyàn tó dáhùn pọ̀ pé "Ẹ kú àbọ̀ o" yóò jáde ní ìhà kejì bí ohùn ènìyàn kan tó gé sí wẹ́wẹ́.

Nítorí pé gígé náà kò dùn létí, ẹni tó ṣí ìpàdé yóò bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n pa mikró wọn. Láti ìgbà náà lọ, ìkíni di ohun tí ẹnì kan ń sọ sínú àgbá òfìfo. Kò sì pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò fi ní kí a fò ó, nítorí àkókò: Zoom ọ̀fẹ́ kì í kọjá ìṣẹ́jú 40, Google Meet ọ̀fẹ́ kì í kọjá ìṣẹ́jú 60 bí ènìyàn bá pé mẹ́ta.

Èmi rò pé ìkíni yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nílò. Ohùn tó bá dáhùn ti fi hàn pé olúwarẹ̀ wà níbẹ̀, pé ọ̀nà rẹ̀ já geere, pé ó ń gbọ́. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, a ti mọ̀ ṣáájú kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Orúkọ tó hàn lójú ẹ̀rọ kò lè sọ ìyẹn fún wa. Nígbà mìíràn, orúkọ irú fóònù ló máa ń hàn níbẹ̀, kì í ṣe ti ènìyàn.

5. "Hẹn-ẹn" àti àkókò rẹ̀

Nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbọ́ kì í dákẹ́. "Hẹn-ẹn." "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ó ṣeé ṣe." "Rárá o!" Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbọ́ wọn, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò bí ó ti ń lọ. Bí "hẹn-ẹn" bá tutù, ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ṣàlàyé sí i. Bí ẹni Ṣábẹ̀ẹ́ bá lo ọ̀rọ̀ tí ẹni Àjàṣẹ́ kì í lò, "Kí lẹ wí?" yóò bọ́ sí àárín kíá, a ó tún un sọ, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àkókò ìdáhùn yìí kéré gan-an. Ní 2009, Tanya Stivers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí èdè mẹ́wàá láti ìhà oríṣiríṣi ayé. Wọ́n rí i pé láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí 200 mílísẹ́kọ́ọ̀ndì ni, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Yorùbá kò sí lára mẹ́wàá náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó níbi ìpàdé wa mọ̀ pé àwa kì í fi falẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé ìlànà ITU, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé: ó ní kí ohùn má pẹ́ lọ́nà ju 150 mílísẹ́kọ́ọ̀ndì lọ bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn ún bára sọ. Ohùn gbọ́dọ̀ lọ, ìdáhùn gbọ́dọ̀ bọ̀. Bí ọ̀nà bá dára tó báyìí pàápàá, lílọ àti bíbọ̀ ti gba 300 mílísẹ́kọ́ọ̀ndì. "Hẹn-ẹn" tí mo fi kín ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn yóò dé sórí gbólóhùn tó tẹ̀lé e, yóò sì dà bí ẹni pé mo ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ. Ọmọlúàbí kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Nítorí náà, àwọn tó mọ ìwà hù jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dákẹ́.

6. Ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún

Apá kan wà nínú èdè wa tí ẹ̀rọ yìí ń dà láàmú ju ti Faransé lọ, orí owó ló sì ń já sí. Ẹ ka ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ọgọ́je, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ ló gbé iye náà dání. Ní Faransé, soixante, quatre-vingts àti cent ti yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohùn tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá máa ń lọ ní ègé kéékèèké, ègé kan sì sábà máa ń jẹ́ 20 mílísẹ́kọ́ọ̀ndì. Bí ègé díẹ̀ bá sọnù lọ́nà, ètò náà kì í fi àlàfo sílẹ̀. Ó máa ń fa ohùn tó ṣáájú gùn díẹ̀ láti fi dí ihò náà, kí etí má baà fura. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni fún ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ìparí "ọgọ́rin", ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni "ọgọ́ọ́", yóò sì fi ọkàn ara rẹ̀ parí iye náà. Alágbàrù tó ń retí ọgọ́rùn-ún fráǹkì lórí àpò kan yóò gbọ́ ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí yóò sanwó yóò gbọ́ ọgọ́ta. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá jọ wà lójú kan, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ì bá ti pariwo pé "Èló lẹ pè é?", ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé ka owó lórí ẹ̀rọ, wọn ó sì fi Yorùbá sọ ìyókù. N kò bá wọn wí. Mo kàn ń sọ pé ẹ̀rọ ló yan èdè fún wọn níbẹ̀.

7. Ìdákẹ́ àti ìfohùnṣọ̀kan

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ìfohùnṣọ̀kan: ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohùn ni a fi ṣọ̀kan. Ní ìpàdé wa, alága kì í ka ọwọ́. Yóò béèrè bóyá ó tẹ́ wa lọ́rùn, ilé yóò sì hó. Ẹni tó bá létí mọ̀ bóyá híhó náà kún tàbí kò kún, ó sì mọ apá ibi tí kò ti dún. Àgbà yóò wá yíjú síbẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, n kò gbọ́ tiyín."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù wá sí iwájú ẹgbẹ́ tí mo ń jókòó tì. Àwọn ará Àjàṣẹ́ fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa háyà ọkọ̀ ńlá kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ lóṣooṣù, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pín owó rẹ̀ bákan náà, ẹni tó ní àpò púpọ̀ àti ẹni tó ní díẹ̀. Ọmọkùnrin tó ṣí ìpàdé náà ti pa mikró gbogbo ènìyàn. Alága béèrè bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó dúró díẹ̀, kò gbọ́ ohùn kankan, ó ní ó ti parí nìyẹn, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ owó pé, àwọn ìyá mẹ́rin ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní àwọn kò san. "A wí i lọ́jọ́ náà," ni wọ́n ní. "A ní àpò tiwa kò pọ̀." Lóòótọ́ ni wọ́n wí i. Inú mikró tí a ti pa ni wọ́n wí i sí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lo fóònù kan ni, nítorí náà ojú ẹ̀rọ kà wọ́n sí ẹnì kan. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba owó àjọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́.

Àwọn Faransé a máa sọ pé ẹni tí kò fọhùn ti gbà. Àwa náà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúnra rẹ̀ dákẹ́ ni òwe yẹn ń bá wí. Lórí ẹ̀rọ, ìdákẹ́ mẹ́ta ló wà: ti ẹni tó gbà, ti ẹni tí a pa mikró rẹ̀, àti ti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ti já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìhà wa, Bẹ̀nẹ̀ náà lára wọn. Ọjọ́ ńlá nìyẹn. Ọjọ́ kéékèèké irú rẹ̀ kò lóǹkà. Ìdákẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dún bákan náà létí alága, ẹ̀rọ kò sì bá a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó tún kù síbì kan. Ẹni tó ṣí ìpàdé ló ní àṣẹ láti pa ohùn ẹlòmíràn àti láti yọ ọ́ síta. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ ọdún díẹ̀ lé ní ogún ni, ẹni tó mọ fóònù lò ni wọ́n ṣe yàn án. Kò hùwà àìdáa. Síbẹ̀, àṣẹ tí ẹgbẹ́ kò fún un lẹ́nu ni ẹ̀rọ fi lé e lọ́wọ́, alága sì ń gba àyè lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

8. Ohun tí a lè rí sọ sí i

Ẹnì kan lè takò mí pé ilé tó ń hó kì í ṣe ilé tó ń gbọ́ tẹni gbogbo. Òótọ́ ni. Níbi ìpàdé ojúkojú, àgbà méjì tó lóhùn lè hó títí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ yóò fi rì. Mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan ní Kétu tó fi àmì ọwọ́ nínà lórí ẹ̀rọ gba àyè rẹ̀, tó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí láìsí ẹni tó já lu ú. Ó sọ fún mi pé lójúkojú, òun kì í sọ̀rọ̀. Ìlànà ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣe é lóore, n kò sì fẹ́ kí a gba oore náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni n kò fi ní kí ẹgbẹ́ kankan kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí a má ṣe jẹ́ kí ìlànà kan ṣàkóso gbogbo ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà àlàyé àti ìjíròrò, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọwọ́ nínà máa ṣiṣẹ́. Nígbà ìkíni, kí gbogbo mikró wà ní ṣíṣí, bí ohùn tilẹ̀ gé. Nígbà ìpinnu, kí alága pe ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dúró títí yóò fi gbọ́ ohùn ènìyàn láti ibẹ̀. Ibi tí kò bá ti gbọ́, kí ó kà á sí pé wọn kò tíì gbà. Kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nídìí fóònù kọ̀ọ̀kan, torí iye fóònù kì í ṣe iye ènìyàn. Kí a pe iye owó lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ ní nọ́ńbà. Kí alága fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ ìpàdé lórí ẹ̀rọ, kí ọ̀dọ́ jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́.

Àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí náà ní tiwọn. Zoom ti ní àyè kan tí olórin lè yàn kí ẹ̀rọ má baà fọwọ́ kan ohùn rẹ̀. Ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní ariwo lè jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá lè mọ èyí nípa dùùrù, wọ́n lè mọ̀ ọ́n nípa àjọ tó ń dáhùn pọ̀. Jitsi Meet sì wà, tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè tú wò kó sì tún ṣe. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn yunifásítì wa lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí: fún gbígbé ìròyìn kiri, ètò ìpàdé orí fídíò dára, ó sì gba àwọn oníṣòwò wa lọ́wọ́ ìnáwó. Fún mímọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan, kò tíì tó. Títí di ìgbà tí yóò fi tó, iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ alága, kí ó máa béèrè lọ́wọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ní sùúrù títí ohùn yóò fi dé.